Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Oògùn Sí Ilé Oyin?

Ìbéèrè tí ó wà lókè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń sin oyin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Níwọ̀n bí àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ti ń gbé níbẹ̀, tí àwọn òbí kan sì ń sin oyin nílé níbí, a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ọ̀pọ̀ ilé oyin ni ó ń kú nítorí pé olówó wọn dáhùn ìbéèrè náà ní oṣù méjì lẹ́yìn àsìkò.

Eégbọn oyin kì í ṣe eégbọn ajá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ó kéré, ó pupa rúsúrúsú, ó sì rí pẹlẹbẹ bí akàn. Varroa destructor ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lára oyin ilẹ̀ Éṣíà ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀, kí ó tó kọjá sára irú oyin tí a ń sìn ní Yúróòpù àti ní Áfíríkà. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1987, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992. Kò lè bímọ lára oyin tí ó ti dàgbà. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ìda dé ihò tí ìdin wà, abo eégbọn a yọ́ wọlé. Inú òkùnkùn yẹn ni ó ń yé ẹyin sí, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ọmọ oyin náà lára. Àrùn tí ń ká oyin níyẹ̀ẹ́ kò sì gbẹ́yìn, nítorí ẹnu eégbọn ni ó ń bá wọlé.

Ohun tí ń tan olùsìn jẹ ni pé ilé tí eégbọn ti kún lè dára lójú. Ká ní oyin 30,000 wà nínú ilé kan ní oṣù Kẹfà, tí eégbọn 600 sì wà lára wọn: 2 nínú 100 nìyẹn. Bí ìgbà ooru bá ń parí lọ, ayaba a dín ẹyin yíyé kù. Bí oyin bá wá ku 15,000 ní oṣù Kẹsàn-án, tí eégbọn kò tilẹ̀ fi ẹyọ kan lé sí i, ó ti di 4 nínú 100. Eégbọn kì í sì í ṣàìlé sí i. Àárín àkókò yìí gan-an ni wọ́n ń tọ́ àwọn oyin tí yóò la ìgbà òtútù já. Oyin ìgbà ooru kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Àwọn wọ̀nyí ní láti lo oṣù púpọ̀, kí wọ́n ṣù mọ́ ayaba, kí wọ́n sì mú un móoru títí òdòdó yóò fi tún tan. Ọ̀rá ara wọn ni wọ́n fi ń gbéra ró. Oògùn tí a bá lò ní oṣù Kọkànlá yóò pa eégbọn. Kò ní dá ọ̀rá tí eégbọn ti jẹ padà.

Nítorí náà, kí olùsìn oyin fara wé ọkùnrin inú àkàwé Olúwa wa, ẹni tí ó jókòó ṣírò kí ó tó kọ́ ilé ìṣọ́. Ẹ gbé afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ rí i dájú pé ayaba kò sí lórí rẹ̀ (a kò lè tẹnu mọ́ èyí jù). Ẹ gbọn oyin ìdajì kọ́ọ̀bù, nǹkan bí 300, sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Ẹ da sípíríìtì lé e, ẹ mì ín fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eégbọn a bọ́ sísàlẹ̀, oyin a dúró lórí asẹ́. Bí ẹ bá ka eégbọn 9, 3 nínú 100 ni. Àwọn kan ń lo ṣúgà tí a lọ̀ kúnná kí oyin má baà kú, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ kì í sábà péye tó ti sípíríìtì. Pípa 300 dun ni lóòótọ́. Síbẹ̀, ayaba tí ara rẹ̀ le ń yé ju 1,000 lọ lóòjọ́ nígbà ooru.

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé bí ó bá ti tó 2 tàbí 3 nínú 100, kí a tọ́jú ilé náà. Lójú tiwa, bí ó bá ti di oṣù Kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni má dúró de 3. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ń lo oògùn lemọ́lemọ́ láìkà: bẹ́ẹ̀ ni fluvalinate, tí ó ń pa eégbọn bí ẹni ń rẹ́ koríko tẹ́lẹ̀, ṣe di ohun tí ọ̀pọ̀ eégbọn kò kà sí mọ́. Oògùn pẹ̀lú ní àsìkò tirẹ̀. Oxalic acid kì í wọ inú ihò tí a fi ìda dé, nítorí náà ìgbà òtútù tí kò sí ọmọ nínú ilé ni ó dára jù fún un. Formic acid ń wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú jù, ó lè pa ayaba. Oògùn mìíràn kò sì gbọdọ̀ kan ilé tí oyin jíjẹ tí a fẹ́ kó ṣì wà nínú rẹ̀; ẹ ka ohun tí a kọ sára páálí. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ tún kà.

Nílé wa níbí ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ti rí eégbọn yìí ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n oyin Áfíríkà kì í ṣe ẹlẹgẹ́. Nígbà tí a rí eégbọn ní South Africa ní 1997, ẹ̀rù ba àwọn olùsìn. Nígbà tí ó ṣe, oyin wọn fara dà á. Ní Brazil, àwọn ọmọ oyin Áfíríkà tí a kó lọ síbẹ̀ ní 1956 ń bá eégbọn gbé láìsí oògùn. Àkókò tí ọmọ wọn ń lò nínú ihò kúrú, wọ́n sì mọ bí a ti ń gbọn eégbọn dànù lára ara wọn. Bí òbí kan bá wá rí eégbọn mẹ́ta nínú ìgò rẹ̀, kí ó kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì máa wò bóyá ilé náà ń pọ̀ sí i. Ọmọ tí ó fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ láti òkè òkun, asẹ́ dáadáa kan ni ì bá kúkú fi ránṣẹ́.