Ẹ Yẹ Òrùlé Yín Wò Kí Àkọ́rọ̀ Òjò Tó Dé

Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé, nítorí ìjì tó ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò ni mo ṣe kọ èyí. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló sì máa ń ká páànù ilé ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí ìjì jà ni òrùlé bàjẹ́. Ìṣó ti ń tú díẹ̀díẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ikán ti wọ igi tó di páànù mú, kò sì sẹ́ni tó gòkè lọ wò ó.

Ẹ pe káfíńtà nísinsìnyí tí òkè ṣì gbẹ. Etí òrùlé ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà gbé páànù sókè. Ìṣó tó bá ti tú, kí ó má wulẹ̀ lù ú padà sínú ihò àtijọ́. Kò ní dúró. Ibi tí igi ti le ni kí ó kàn án sí, kí ìṣó náà gùn débi tí yóò fi yọ lábẹ́ igi, kí ó sì tẹ imú rẹ̀. Kí ó dí ihò àtijọ́, kí ilé má baà jò. Igi tí ikán bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó fún yín. Òkúta àti táyà àlòkù tí àwọn kan ń gbé lé páànù kì í ṣe àtúnṣe rárá. Bí ìjì bá ṣí páànù, òkúta ọ̀hún á já bọ́, orí ọmọ ọlọ́mọ ló sì lè bà.

Bí ó bá jẹ́ asbestos ni wọ́n fi bo ilé yín, bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku náà ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ju ogún ọdún lọ kí àìsàn ọ̀hún tó fara hàn.

Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó nà bo òrùlé. Èyí tó bá kan wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ iná ni kí ẹ pè.

Gọ́tà ńkọ́? A máa ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, a ó sì dà á sí etí gọ́tà kan náà. Òjò kan péré ló máa dá a padà. Ẹ kó o lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbàdàn kò gbàgbé 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí omi tún ya wọ ìlú. Pàǹtírí tó dínà omi wà lára ohun tó sọ omi di apànìyàn.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ sọ fún onílé lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la, ẹ jọ dá owó ìṣó àti ti káfíńtà, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì yọ owó náà nínú owó ilé bí ẹ̀yin àti onílé bá ti jọ fẹnu kò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.