Àmì Funfun Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́

Bíbélì kíkà: Hébérù 12:1-3

Ní àkókò àjọ̀dún, a sábà máa ń ka iye ọdún tí a ti rìn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ọ̀nà fúnra rẹ̀. Èyí tí a yàn ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ orí òkè kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Appalachian Trail.

Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921. A sì là á já ní 1937. Láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù títí dé Òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine, ó gùn tó nǹkan bí 2,190 máìlì, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Nínú ẹni mẹ́rin tí ó bá dáwọ́ lé e láti rìn ín já, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ń dé òpin. Nítòsí òpin náà ni ibi tí ó dá jùlọ wà: nǹkan bí 100 máìlì igbó àti òkè, láìsí ìlú tí a ti lè ra oúnjẹ. Àkọlé ẹnu igbó náà kìlọ̀ pé kí arìnrìn-àjò gbé oúnjẹ ọjọ́ 10 dání.

Ní 1955, Emma Gatewood, ìyá ọlọ́mọ 11 tí ó jẹ́ ẹni ọdún 67, dá rìn ín já. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: Ẹrù. Àpò tí màmá yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká. Kò gbé àgọ́. Aṣọ ọ̀rá tí a ń ta sí balùwẹ̀ ni ó fi ń bo ara lọ́wọ́ òjò. Ẹ̀yin òbí, ohun gbogbo tí a bá dì sínú ẹrù ọmọ, èjìká ọmọ náà ni yóò gbé e gun òkè. Bí a bá di ìfigagbága wa pẹ̀lú aládùúgbò àti iṣẹ́ tí àwa kò rí ṣe lé e lórí, kí ni a ó wí nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́ lágbede méjì?

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìpadàlọ. Ní 1954 ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú, láti ìhà Maine. Ó sọnù nínú igbó, awò ojú rẹ̀ fọ́, àwọn aṣọ́gbó sì ní kí ó máa lọ sílé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Màmá wo ẹ̀yìn; ní ọdún kejì, láti Georgia ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kan lè gba ìhà mìíràn dé orí òkè kan náà.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Àmì. Ọ̀dà funfun, íǹṣì méjì ní ìbú àti mẹ́fà ní òró, ni a fi sàmì sí ara igi àti àpáta. Bí méjì bá wà lórí ara wọn, kí arìnrìn-àjò ṣọ́ra: ọ̀nà fẹ́ yà. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà láìrí àmì, kí ó padà sí èyí tí ó rí kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ó tó nǹkan bí 30 ni ó ń gé igi tí ó wó, tí ó sì ń tún àmì kùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní mọ ẹni tí ọ̀dà wọn gbà là.

Nígbà tí màmá dé, ó sọ òtítọ́ fún àwọn oníròyìn: igi wó dí ọ̀nà, àwọn ibi tí iná jó kò sì ní àmì mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwa tí a ti gba ọ̀nà yìí kọjá mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyìn ọjọ́ àjọ̀dún dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò ọ̀dà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù ọmọ wa?
2. Ta ni ó kun àmì tí àwa tẹ̀ lé?
3. Èwo ni a ó tún kùn kí ọdún yìí tó parí?