Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Aago Kọ̀ǹpútà: "Dẹ́rẹ́bà" Tàbí "Alárinà"?

Bí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá tàn lẹ́yìn tí iná ti lọ, tí ó sì ń fi ọjọ́ àtijọ́ hàn, gbólóhùn kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń sọ, ìbáà ṣe ní Abúlé Ẹ̀gbá tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà: "Aago rẹ̀ ti bàjẹ́." Gbólóhùn yìí tó oníbàárà. Kò tó olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè, nítorí pé aago inú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, àbùkù wọn kò sì jọra.

Aago àkọ́kọ́ ṣeé fọwọ́ kàn. Kírísítà kékeré kan ni ó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí a bá dá iye yìí sí méjì ní ìgbà 15, ẹyọ kan ni yóò kù. Bátìrì pẹlẹbẹ ni ó ń gbé e ró nígbà tí kò sí iná. "Aago ara-ẹ̀rọ" yẹ ẹ́. Aago kejì kò ní ara. Linux, fún àpẹẹrẹ, a máa wo aago ara-ẹ̀rọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, lẹ́yìn náà a máa ka àkókò fúnra rẹ̀. Èyí ni "aago ètò".

Àárín gbùngbùn ètò olùdarí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kernel, ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Ẹni tí ó bá tú u sí "èkùrọ́" kò purọ́, ṣùgbọ́n àdín ni yóò wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. "Kókó ètò" sàn jù. Driver ni ó le. "Dẹ́rẹ́bà" ti di ti ọlọ́kọ̀ dánfó, "awakọ̀" náà sì rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá kókó ètò yìí kì í wa ohunkóhun. Ìbéèrè ni ó ń gbé lọ bá ohun-èlò, èsì ni ó sì ń mú bọ̀. Alárinà ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé alárinà ìgbéyàwó a máa yẹ̀bá bí ọmọge bá ti mojú ọkọ, ti kọ̀ǹpútà kì í sì yẹ̀bá; àléébù yẹn kéré.

Aago MC146818 tí ó wà nínú IBM PC/AT ti ọdún 1984 fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó ń tún nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àmì tí ó fi ń kìlọ̀. Bí àmì náà kò bá yọ, alárinà ní, ó kéré tán, ìpín 244 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan láti fi kà á. Ṣùgbọ́n bí alárinà kò bá wo àmì, tí ó ka wákàtí kí 9:59:59 tó di 10:00:00, tí ó sì ka ìyókù lẹ́yìn rẹ̀, 9:00:00 ni yóò jẹ́ ní iṣẹ́: wákàtí kan gbáko ti sọnù. Bátìrì tuntun kò lè wo èyí sàn, àfi kí a tún ìlànà alárinà kọ. Wákàtí kan sì lè lé láìsí àbùkù rárá: Windows a máa kọ àkókò ìbílẹ̀ sínú aago ara-ẹ̀rọ, Linux a sì máa kà á sí àkókò àgbáyé, tí Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú.

Nítorí náà, "pààrọ̀ bátìrì", "yí aago" àti "tún alárinà aago ṣe" kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìwé ìlànà tí ó bá kọ "tún aago ṣe" nìkan yóò rán oníṣẹ́ Abúlé Ẹ̀gbá lọ ra bátìrì tí kò nílò.