Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Àtẹ̀jíṣẹ́ Kì í Ṣe Owó

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí fóònù alágbèéká àti owó ẹgbẹ́. Ohun tó mú wa yàn án ni ọ̀ràn kan tí a bá pàdé nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó kan wò ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan san gbèsè rẹ̀ láti orí fóònù. Akápò wà lóko, kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà kò san. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ fi kọ̀ láti yá a ní owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Àwa pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà bẹ́ẹ̀, kí a tó ní kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ owó wá láti báńkì. Owó náà ti wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé! Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn?

Fóònù alágbèéká jẹ́ rédíò kékeré tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń gbọ́ràn. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di ìgbì tí ojú kò rí, tó ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Máàsì, òpó irin gíga tí a ń rí káàkiri, ló ń gbà á. Máàsì kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀ tó ń bójú tó. Ní ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà dá ìmọ̀ràn pípín ilẹ̀ sí àdúgbò kéékèèké báyìí. Òun ló jẹ́ kí irú ìgbì kan náà lè ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ifẹ̀tẹ̀dó láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1973, Martin Cooper ti ilé-iṣẹ́ Motorola fi fóònù àfọwọ́mú pe ènìyàn ní New York. Ọdún 2001 ni GSM dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà.

Bí ọkọ̀ bá ń gbé wa lọ, máàsì kan á fà wá lé èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí máàsì bá jìnnà, tàbí tí òkè àti igbó dí i, ìgbì náà á rẹ̀, nẹ́tíwọọkì á sì lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akápò lóko nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ dà bí lẹ́tà. Ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń kọ́kọ́ dé ibùdó kan tó dà bí ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí fóònù wa bá kú, tàbí tí kò sí nẹ́tíwọọkì, ibẹ̀ ni yóò ti máa dúró dè wá. Owó kò bá a rìn rárá. Inú ìwé báńkì ni owó ti ń kúrò ní àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà, owó lè dé kí lẹ́tà má tíì dé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́tàn lè kọ lẹ́tà ní orúkọ báńkì, kí ó má sí kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ 5G, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, yára púpọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sọ lẹ́tà di owó.

Kí ni kí ẹgbẹ́ ṣe?

1. Kí akápò má ṣe kọ rìsíìtì nítorí àtẹ̀jíṣẹ́. Àkọsílẹ̀ báńkì ni kí ó wò.

2. Kí ìgbìmọ̀ má ṣe pe ọmọ ẹgbẹ́ ní ajẹgbèsè kí wọ́n tó wo àkọsílẹ̀ náà.

3. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí owó máa wọ̀, kì í ṣe ti akápò fúnra rẹ̀.

4. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni. Bí fóònù bá sọnù, ẹ jẹ́ kí báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè fún ìpàdé

Ta ló ń wo àkọsílẹ̀ báńkì nínú ẹgbẹ́ yín? Ìgbà wo ló wò ó kẹ́yìn? Ǹjẹ́ a ti fi ẹ̀sùn gbèsè kan ẹnikẹ́ni rí láìwò ó? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìwé náà ṣe, kí ẹ sì tọrọ àforíjì.