Ẹgbẹ́ Ẹyẹ Lẹyẹ Ń Wọ́ Tọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Ra Rìmóòtù Bàálù Àfiṣeré

Ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí bàálù àfiṣeré rí, síbẹ̀ kò sí ìmọ̀ràn tó bá ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ rédíò bàálù kékeré mu jù ú lọ. Rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí bàálù àti receiver, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ikùn bàálù, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Bí wọn kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ti wọgbó, bàálù kò sì ní í gbéra nílẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Ìpọ̀nrí ní Èkó kò jìnnà sí ọjà. Ó lè wọ ọkọ̀ ní Costain, kó gba Mile 2 dé ọjà Alábà, tàbí kó gba Ojúẹlẹ́gba lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò, ó tilẹ̀ lè wọlé ní ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú, kó sọ̀ ní Mile 2 láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọjà kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni pé òǹrajà lè bá rìmóòtù tó wá láti London pàdé receiver tó wá láti Houston lórí tábìlì kan náà, tí ọ̀kan kò mọ èkejì rí. Ẹni tó ń tà wọ́n yóò fọwọ́ sọ̀yà pé 2.4 ni gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, kí wọ́n má sì gbọ́ra wọn yé rárá.

Nọ́ńbà 2.4 GHz yẹn kò ju orúkọ àdúgbò lọ. Láti 2400 MHz dé 2483.5 MHz ni àdúgbò náà gùn mọ, ibẹ̀ náà ni Wi-Fi àti Bluetooth ń gbé. Gbogbo ará Èkó ló ń gbé Èkó, kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ Ègùn. Iléeṣẹ́ Futaba ní ìlànà ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò sì jẹ́ ẹyọ kan: FASST wà, S-FHSS wà, T-FHSS wà. Spektrum ń lo DSMX, FlySky ń lo AFHDS 2A, FrSky ń lo ACCST tàbí ACCESS. Orúkọ ìlànà yìí gan-an ló yẹ kí òǹrajà kọ sínú ìwé kó tó kúrò nílé. Iye ṣánẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì lóòótọ́, nítorí bàálù tó pé ń fẹ́ ó kéré tán mẹ́rin: ọ̀kan fún agbára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún gbígbé imú sókè sódò, ọ̀kan fún fífì apá, ọ̀kan fún yíyí ìrù. Ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún kò wúlò fún receiver tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn.

Kí 2.4 tó dé, ọ̀rọ̀ náà le ju báyìí lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 35 MHz ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bàálù àfiṣeré. Ní Amẹ́ríkà, 72 MHz ni ti bàálù, 75 MHz sì ni ti mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi. Kírísítálì kékeré kan ló ń pinnu ojú ọ̀nà tí rìmóòtù ń gbà. Bí ẹni méjì bá tan rìmóòtù tó wà lójú ọ̀nà kan náà lórí pápá kan náà, bàálù tó wà lókè yóò sọ orí kodò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé pátákó kalẹ̀ lẹ́bàá pápá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan rìmóòtù láìkọ́kọ́ lọ wo nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀. Pabanbarì rẹ̀ ni pé kírísítálì kan náà gan-an kò tó: apá kan ni Futaba àti Hitec ń yí ìgbì wọn sí, òdìkejì ni JR ń yí tirẹ̀ sí, àfi receiver tí wọ́n bá ṣe láti gbọ́ méjèèjì nìkan ló lè bá wọn lò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń kó ẹrù ilé bọ̀ láti Peckham ní London lè di rìmóòtù 35 MHz àtijọ́ mọ́ ọn fún àbúrò. Kí àbúrò dúpẹ́, kó gbà á, ṣùgbọ́n kó má ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ọdún 2005 ni Spektrum gbé DX6 jáde, láti ìgbà náà sì ni 2.4 GHz ti ń gbàjọba lọ́wọ́ kírísítálì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ rìmóòtù kì í dúró sójú kan; wọ́n ń fò láti ìgbì kan bọ́ sórí òmíràn kí ariwo tó wà lórí ọ̀kan má bàa pa wọ́n lára. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Hedy Lamarr, òṣèrébìnrin Hollywood, àti George Antheil tó máa ń kọ orin, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1942, ohun ìjà abẹ́ omi ni wọ́n sì rò ó fún. Bí rìmóòtù bá ń fò báyìí, receiver gbọ́dọ̀ mọ ibi tó kàn kó tó débẹ̀. Kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ti ìlànà kan náà, tí wọ́n sì ti so wọ́n pọ̀.

Ibi tí owó ti ń bómi lọ jù ni ibi tí orúkọ iléeṣẹ́ ti jọra. DSM2 tí Spektrum ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń mú ojú ọ̀nà méjì, á sì dúró síbẹ̀. DSMX tó tẹ̀lé e ń fò káàkiri ojú ọ̀nà 23. Rìmóòtù DSMX tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè bá receiver DSM2 sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù láti 2015 kì í bá DSM2 sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí òfin ibẹ̀ yí padà. Ti FrSky tún lẹ́tàn ju èyí lọ: receiver kan náà, páálí kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ètò LBT ti Yúróòpù nínú, èkejì ní ti FCC ti Amẹ́ríkà, rìmóòtù ti ọ̀kan kì í sì í so pọ̀ mọ́ receiver ti èkejì títí tí wọn yóò fi pààrọ̀ ètò inú ọ̀kan. Ọjà Èkó tó ń gba ẹrù láti apá méjèèjì nìyí, ẹni tí kò béèrè ni yóò gbé èyí tí kò bára mu.

Bí síso rìmóòtù pọ̀ mọ́ receiver ṣe yẹ kó rí lórí tábìlì olùtajà rèé. Ká mú FlySky FS-i6 àti receiver FS-iA6B tó máa ń bá a rìn. Wọ́n á ki wáyà kékeré kan bọ ojú ihò tí wọ́n kọ B/VCC sí lára receiver, wọ́n á fún un níná láti ihò mìíràn, iná pupa rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú wéréwéré. Wọ́n á wá tẹ bọ́tìnì BIND KEY lára rìmóòtù mọ́lẹ̀, wọ́n á tan án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á yọ wáyà kékeré yẹn kúrò, wọ́n á pa méjèèjì, wọ́n á tún wọn tàn, iná pupa á dúró gbọin. Bí rìmóòtù bá ń kígbe tí kò fẹ́ ṣí, kò bàjẹ́: FS-i6 kì í gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó bí ọ̀pá agbára kò bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí gbogbo swíìṣì kò sì kọjú sókè. Ẹni tó bá bá receiver FS-R6B àtijọ́ pàdé lè wọ inú mẹ́nù FS-i6, kó pa AFHDS 2A, wọ́n á sì gbọ́ra wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kan Èkó gan-an ni ti àwọn ẹ̀rọ tó ń lo 915 MHz. Ẹni tó fẹ́ kí bàálù rẹ̀ rìn jìnnà máa ń gbọ́ nípa TBS Crossfire àti ExpressLRS. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ láàárín 902 sí 928 MHz, nítorí ibẹ̀ ṣófo fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà kò ṣófo. Láti 890 sí 915 MHz ni fóònù GSM fi ń bá òpó sọ̀rọ̀, owó gọbọi ni àwọn iléeṣẹ́ fóònù sì san fún un: nígbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ GSM ní oṣù kìíní 2001, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tan rìmóòtù 915 sáàárín àwọn ilé Ìpọ̀nrí ń dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀, fóònù àdúgbò yóò sì máa pariwo bo òun náà mọ́lẹ̀. ExpressLRS tó ń lo 2.4 GHz wà. Òun ni kó rà. Kó sì wo ẹ̀dà ètò inú rẹ̀, nítorí ẹ̀dà 2 àti ẹ̀dà 3 kì í so pọ̀.

Mode náà wà níbẹ̀, ìyẹn ètò tó sọ ohun tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń darí. Nínú Mode 2, ọ̀pá òsì ló ń darí agbára. Nínú Mode 1, ọ̀pá ọ̀tún ni. Mode tí ẹni tó máa kọ́ ọ bá ń lò ni kó rà.

Bí rìmóòtù àti receiver bá gbọ́ra tán, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn kù. Bátìrì LiPo oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ń gbé 11.1 V, bó bá yó ó di 12.6 V. Ọ̀pọ̀ servo kékeré, ìyẹn mọ́tò tó ń yí apá àti ìrù bàálù, kò sì fẹ́ ju 4.8 sí 6 V lọ. Ẹ̀rọ ESC tó ń darí mọ́tò ló máa ń fún receiver ní 5 V láti ara BEC rẹ̀, apá tó ń dín iná bátìrì kù. Kí òǹrajà bi olùtajà léèrè bóyá ESC náà ní BEC tàbí kò ní. Ẹni tó bá ki bátìrì náà tààrà bọ receiver, èéfín ni yóò fi ṣe ìfà. Wáyà mẹ́ta ló wà lára servo: dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú ni òdì, pupa ló ń gbé iná wọlé, funfun tàbí àwọ̀ ọsàn ló ń gbé àṣẹ. Ẹnu wáyà Futaba ní ìyẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò jẹ́ kó wọ àwọn receiver kan. Abẹ ni wọ́n fi ń gé e kúrò.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó ní lọ́kàn láti ní bàálù púpọ̀ lè ra rìmóòtù oní-ìlànà-púpọ̀, irú èyí tí RadioMaster ń ṣe, tó ń lo ètò EdgeTX. Nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní 4-in-1, ẹ̀rọ kékeré mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: A7105 ń sọ ti FlySky, CYRF6936 ń sọ ti Spektrum, CC2500 ń sọ ti FrSky àti ti Futaba S-FHSS, NRF24L01 sì ń sọ ti ọ̀pọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ó gba ènìyàn lọ́wọ́ ríra rìmóòtù mẹ́ta.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí bàálù tó gbéra, kí òǹrajà yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò lára mọ́tò, kó gbé agbára sókè díẹ̀, kó sì pa rìmóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, kò tíì ṣe failsafe, ètò tó ń pa mọ́tò bí ìgbì bá já, bàálù tó bá sì pàdánù ìgbì lókè yóò máa sáré lọ bá orí òrùlé olórùlé. Lẹ́yìn èyí, kó ṣe ìdánwò jíjìnnà: Spektrum ní kí ènìyàn rìn jìnnà ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí bàálù nígbà tí rìmóòtù wà ní ipò ìdánwò tó ń dín agbára rẹ̀ kù, kó sì wò ó bóyá servo ń jẹ́ ìpè. Kó má gé ìrù wáyà receiver. Bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ ní ṣónṣó rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ti òfin náà kò ṣeé fojú fò. Lọ́dún 2016, NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tí awakọ̀ kò sí nínú rẹ̀ sójú òfurufú láìgba àṣẹ òun àti ìfọwọ́sí ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ìpọ̀nrí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú wáyà iná, ọjà àti èrò rẹ̀, kì í ṣe pápá bàálù. Kí ìwé àṣẹ tó jáde, a lè fi okùn so FS-i6 mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ènìyàn fi eré inú rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀; bàálù tó bá já níbẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, FS-i6 àti FS-iA6B inú páálí kan náà ti tó. Kó sọ fún olùtajà pé kó so wọ́n pọ̀ lójú òun, kí servo kan yí sọ́tùn-ún sósì, kó tó fa owó yọ. Olùtajà tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.