Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Àgbo àti Oògùn Oníhóró

Nígbà tí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ará lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi wá jù: "Dókítà, ṣé a lè fi àgbo wò ó, kí a pa oníhóró tì?"

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a wá ìwòsàn, nítorí náà a kò ní bú ewé àti egbò. Ewé lágbára. Agbára náà gan-an ló yẹ kó mú wa ṣọ́ra.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ wo wèrè tipẹ́. Ó ní ìbátan kan ní Íńdíà tí wọ́n ń pè ní sarpagandha, tó wà lára Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn. Ní 1949, dókítà kan ní Bombay, Rustom Jal Vakil, kọ ìwádìí tó fi hàn pé egbò náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní reserpine. Èròjà yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Àwọn dókítà lò ó káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dín in kù, nítorí ó ń dí imú, ó ń mú kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè mú kí ayé sú ènìyàn.

Nínú oníhóró, a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ìgò àgbo, ẹni tó sè é gan-an kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ti lo amlodipine láàárọ̀ bá tún mu ún, ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ jù, òòyì á kọ́ ọ níbi tó ti ń dìde láti ìforíkanlẹ̀. Ẹni tó bá pa oògùn tì nítorí àgbo, ewu tirẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ara lè yá gágá kí ìwọ̀n wà ní 180/110, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé.

Kápúsù Íńdíà tí wọ́n ń polówó fún wa láti Dùgbẹ̀ dé Challenge ńkọ́? Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé àti mercury nínú àwọn kan. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ̀yin náà mọ ìdájọ́ rẹ̀. Ọtí fúnra rẹ̀ sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ìkòkò ọbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìpo-tíì kan péré. Magí náà iyọ̀ ni. Ìyá tó fọ́ magí mẹ́fà sọ́bẹ̀, tó tún bu iyọ̀ lé e, kò tíì ka búrẹ́dì àárọ̀ àti indomie mọ́ ọn o! Irú tí a kò fi iyọ̀ sí, àlùbọ́sà àti efinrin lè mú ọbẹ̀ dùn. Sóbò náà dára, ìwádìí fi hàn pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí a kò bá da ṣúgà sí i, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò oògùn. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Nínú ààwẹ̀, oògùn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ṣeé lò ní sààrì tàbí ìṣínu. Ẹni tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tó ń lo èyí tó ń mú ìtọ̀ wá, kó rí dókítà kí oṣù tó lé.

Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún wa, a kò ní bínú. Ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì ti béèrè orúkọ ewé àti egbò inú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á.