Bí Ẹyẹ Orí Òkè Bá Sọ̀kalẹ̀ Wá Sóko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Etioro, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́-Àkókó, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ẹyẹ kì í ṣàdédé fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé ibi gíga tó tutù ni wọ́n fẹ́, irú òkè Ọbúdù tó ga tó 1,600 mítà. Òkè Àkókó kò ga tó yẹn; kì í ṣe òtútù ló ń dá ẹyẹ dúró lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹyẹ tí ẹ mọ̀ mọ́ orí àpáta bá ń pọ̀ sí i ní àkùrọ̀, ẹ má kàn sọ pé àmì burúkú ni. Ẹ wo òkè: bóyá iná ti jó koríko tó ń sá sí, tàbí omi ti gbẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ náà: bóyá ọkà ti ń gbó.

Nínú ẹyẹ tó ń ba oko jẹ́, àparò àti ẹ̀gà ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù. Àparò a máa hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹ̀gà ní tirẹ̀ a máa jẹ ìrẹsì àti àgbàdo tútù, a sì máa fa imọ̀ ọ̀pẹ ya.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ má dáná sungbó lẹ́bàá òkè. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí oko yín mọ́.

2. Ẹ gbin àgbàdo jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kí àwọn tí oko wọn pààlà gbìn lọ́sẹ̀ kan náà, torí oko tó bá dá gbó ni gbogbo ẹyẹ ń ya bò.

3. Ẹ yan irúgbìn àgbàdo tí háhá rẹ̀ bo orí ọmọ pinpin.

4. Láti ìgbà tí ìrẹsì bá yọ òdòdó, ó tó 30 ọjọ́ kó tó gbó. Ẹ máa ṣọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pàápàá nígbà tí omi funfun bá wà nínú ọkà rẹ̀.

5. Ẹ má fi májèlé dẹ ẹyẹ. Àparò tó bá jẹ ẹ́ lè bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Kòkòrò sì ni ẹ̀gà fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń bá yín dín kòkòrò kù.

Ẹ ṣọ́ra fún àrùn ẹyẹ pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oko adìyẹ. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ sé adìyẹ yín mọ́lé, kí ẹ sì tètè sọ fún òṣìṣẹ́ ADP (ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀) tàbí dókítà ẹran tó bá sún mọ́ yín.